Ẹja Tí Wọ́n Fi Pamọ́ fún Mi

Ohun tí mo kọ́kọ́ fi jowú ọmọbìnrin yẹn ni pé wọ́n bú u.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn máa jowú èébú. Ṣùgbọ́n mo jókòó lórí àga oníke funfun tí wọ́n fi aṣọ nù fún mi lábẹ́ àtíbàbà àwọn ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́, mo ń wo bí Àlàájà, tó jẹ́ olórí wọn, ṣe ń na ìka sí ọmọ náà, tó ń sọ fún un pé kò ní làákàyè, pé ta ló kọ́ ọ láti di ẹja mú bí ẹni di ọmọ tuntun mú. Ẹ̀rín ni àwọn obìnrin tó kù ń rín. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Èmi nìkan ni mo fi ọwọ́ lé itan bí ẹni tó bá wọn wá tọrọ ìyàwó. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ síbẹ̀, kò sí ẹni tó bú mi rí. Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi kò ju "ẹ ṣeun, ẹ káre, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè iṣẹ́ yín" lọ. Ọmọ tí kò tíì lo wákàtí kan láàárín wọn ni wọ́n ń bú bí ọmọ ilé.

Iṣẹ́ ìwádìí ló gbé àwa méjèèjì dé ibẹ̀. Ilé ìwé gíga kan ní Ìkòròdú la ti ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, abẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan náà la sì wà. Ohun tí à ń kọ́ ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń tẹ́wọ́ gba ẹ̀rọ tuntun tó ń gbé ìròyìn kiri, àti ìdí tí wọ́n fi ń gba àwọn kan mọ́ra tí wọ́n sì ń pa àwọn mìíràn tì. Ní tèmi, mo ti rí ibi tí mo fẹ́ wádìí. Àwọn kan láti ìgboro Èkó ti ṣe áàpù kan fún àwọn ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́. Bí ẹja bá ti bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, ẹlẹ́ja á fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, á gbé e sórí áàpù náà, á kọ iye tó fẹ́ tà á sí i. Ẹni tó bá wà ní Ìkòròdú á rí i, á ní kí wọ́n bá òun fi í sọ́tọ̀ kí òun tó dé. Ó dára létí. Àwọn obìnrin náà forúkọ sílẹ̀, wọ́n gba fìlà ọ̀fẹ́, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn àlejò. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó gbé ẹja kankan síbẹ̀ mọ́. Bí ènìyàn bá ṣí áàpù náà, òfìfo ló máa bá. Ìdí tó fi ṣófo ni mo fẹ́ mọ̀.

Mo ní èmi ni mo rí ibẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ mọ́tò ní ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú, tí mo gba Ìtóìkín lọ, tí mo bèèrè Àlàájà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn títí mo fi bá a. Nígbà tó yá ni ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní kí n mú ọmọbìnrin yìí dání, pé kí èmi máa wádìí bóyá àwọn obìnrin náà fẹ́ lo áàpù náà, kí ọmọ náà máa wádìí ohun tó ń ni wọ́n lára nínú lílò rẹ̀. Mo mú un dání. Èmi fúnra mi ni mo fi í han Àlàájà. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú orogún wálé, ta ló fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ǹ bá gbà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, èmi sì jẹ́ ọmọ Ìwó. Lásúnwọ̀n ní Ìkòròdú ló háyà yàrá sí, èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ìtámàga níbẹ̀ náà. Àlejò ni àwa méjèèjì lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Bí a bá sì ní ká sọ ti ẹ̀sìn, èmi ni mo súnmọ́ wọn. Mùsùlùmí ni Àlàájà àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́ja náà. Hìjáàbù mi wà lórí mi, sálámà kò sì wọ́n lẹ́nu mi. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni òun, ó máa ń kọ orin sábẹ́ imú nínú mọ́tò láti Benson títí a ó fi dé. Mo gbà lọ́kàn mi pé bí wọ́n bá máa fẹ́ràn ẹnì kan nínú wa, a ti mọ ẹni náà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, kí n tó kí wọn tán ni wọ́n ti ránṣẹ́ lọ mú àga wá láti ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àlàájà fi etí ìró ara rẹ̀ nù ún. Wọ́n fún mi ní ìgò móòtì kan tó tutù débi pé ó ń làágùn. Wọ́n ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè mi.

"Ǹjẹ́ ẹ rò pé áàpù yìí wúlò fún òwò yín?"

"Ó wúlò gan-an, tíṣà."

"Ṣé kò nira láti lò?"

"Kò nira rárá."

"Ṣé ẹ ní i lọ́kàn láti máa lò ó?"

"Lágbára Ọlọ́run."

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ni pé bí ènìyàn bá ti rí i pé ẹ̀rọ kan wúlò, tí kò sì nira, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa lò ó. Nínú ìwé tí mo mú lọ, níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni àpótí kékeré márùn-ún wà, láti orí "mi ò gbà rárá" dé orí "mo gbà gan-an." Orí "mo gbà gan-an" ni gbogbo wọn ń lọ. Inú mi ń dùn. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Àlàájà fà mí lọ́wọ́ lọ sí igun àtíbàbà náà. Ó ká àpò kan tí wọ́n ti rẹ sínú omi kúrò lórí abọ́. Ọ̀bọ̀kún kan wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán.

"Tìyín nìyí," ló sọ fún mi ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Láti àárọ̀ ni mo ti fi àpò bò ó. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kàn án. Ẹ̀yin nìkan ni mo fi pamọ́ fún."

Báyìí ló ṣe ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ. Mo máa ń sanwó ẹja náà láìná an, màá gbé e lé itan nínú mọ́tò bí ẹni gbé àmì ẹ̀yẹ. Bí mo bá dé Ìtámàga, màá sè é, màá gbé e síwájú ọkọ mi, màá sì sọ fún un pé gbogbo ọjà ń wá irú ẹja yìí, èmi nìkan ni Àlàájà fi í pamọ́ fún. Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi jẹ ẹ́ títí dé orí, ó lá ọwọ́, ó ní, "Ẹja yìí náà ni wọ́n ń tà ní Benson o." N kò bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi kó àwo rẹ̀ lọ fọ̀.

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin yẹn kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi lọ, mo ti kì í nílọ̀ nínú mọ́tò pé kó kí wọn dáadáa, kó má sì fọwọ́ kan nǹkan kan. A débẹ̀, wọ́n gbé àga wá, àga kan ṣoṣo ni. Èmi ni wọ́n gbé e fún, torí èmi ni àgbà. Ọmọ yìí kò dúró kí wọ́n lọ mú òmíràn wá. Ó rí abọ́ ńlá kan nílẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó jókòó lé e.

Àlàájà figbe ta. "Ta ló ní kí o jókòó lé abọ́ ẹja mi? Ọjà mi lo jókòó lé lórí yẹn! Ṣé o fẹ́ kí oníbàárà má wá mọ́ ni? Dìde ńbẹ̀!"

Ọmọ náà fò sókè bí ẹni tí èèrùn ta. Ó kúnlẹ̀, ó di etí méjèèjì mú, ó ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rín sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Àlàájà ní òun kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, àfi kó fi iṣẹ́ san án. Ó ju ọ̀bẹ sí i, ó ní kó máa ha ìpẹ́ ẹpìyà tó kún inú agbọ̀n kan. Kò mọ̀ ọ́n ha. Ìpẹ́ ń ta sí gbogbo wa lára, ẹ̀gún ẹja gún un lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni èébú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wá bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń pè é ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti ń bi í pé kí ló dé tí kò tíì lọ́kọ. Èmi ni wọ́n ń bi pé ṣé kí wọ́n fi móòtì kan sí i.

Mo sọ fún ara mi pé ó ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Mo tilẹ̀ ń káàánú rẹ̀, káàánú bí a ti ń káàánú ẹni tí a fẹ́ kó ṣubú.

Oṣù bíi méjì lẹ́yìn náà, ọ̀jọ̀gbọ́n pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti ka ìdáhùn tí èmi kó wá, ó ti ka ti ọmọbìnrin náà. Tèmi ló kọ́kọ́ mú sọ́wọ́.

"Màdáàmù," ó ní, "ṣé ọkàn kan ṣoṣo ni gbogbo ará Ẹ̀pẹ́ jọ ń lò ni? Gbogbo wọn ló fẹ́ràn nǹkan yìí. Gbogbo wọn ló máa lò ó. Kí ló wá dé tó fi ṣófo?"

Ó wá mú ti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìráhùn ló kún inú rẹ̀: nẹ́tíwọ̀kì kò dúró, omi ẹja ń ba fóònù jẹ́, lẹ́tà orí rẹ̀ kéré jù, ta ló fẹ́ máa ya fọ́tò nígbà tí oníbàárà dúró síwájú ẹni? Obìnrin kan tilẹ̀ sọ fún un pé àwọn tó ṣe áàpù náà kò tíì pa ẹja rí láyé wọn.

"Ẹ wò ó," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "àwọn yìí bá a sọ òótọ́. Ẹ̀yin, àpọ́nlé ni wọ́n fún yín." Ó ní bí òjò ọdún náà bá fi dá tí n kò lè sọ ìdí tí wọn kò fi lo áàpù náà, ìdí tó tẹ́ òun lọ́rùn, a ó da iṣẹ́ mi nù, màá sì mú àkòrí mìíràn bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún tí mo ti lò lórí rẹ̀ kò kéré. Owó ilé ìwé mi, ọkọ mi ló ń san án.

Nígbà tí a bọ́ sí Benson, ọmọbìnrin náà ra àgbàdo sísun méjì, ó na ọ̀kan sí mi. "Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ ó rí i ṣe." Mo gbà á, mo dúpẹ́. Bí ẹni tó ju ni lọ bá tún ń ṣàánú ẹni, kí la fẹ́ fi ìyẹn wé? Àgbàdo náà dùn, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Láti ọjọ́ náà ni owú ti gba ìjókòó nínú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ sí Ẹ̀pẹ́ láìsọ fún un. Nígbà ààwẹ̀, mo ra dàbínù lọ fún wọn kí wọ́n fi ṣínu. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, Àlàájà ṣàdúà fún mi débi pé ọwọ́ tí mo fi ń ṣe àmín ro mí. Nígbà tó parí, wọ́n gbé àga jáde. Mo kọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀ka èdè wọn, mo fi kí wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún òyìnbó tó bá sọ Yorùbá.

Ọjọ́ kan wà tí mo ṣe ohun tí mo ṣì ń fi ara mi ṣẹ̀rín. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo dojú abọ́ ńlá yẹn dé, èmi náà jókòó lé e. Mo ń dúró de èébú tèmi. Àlàájà rí mi. Gbogbo wọn ló rí mi. Ọ̀kan rọra wá, ó di apá mi mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, ẹ dìde, aṣọ yín á dọ̀tí." Wọ́n nu àga fún mi. Mo jókòó lé ọjà wọn lórí, wọ́n ní kò burú!

Ìyá mi máa ń sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo wá mọ̀ pé àga yẹn ni kò jẹ́ kí n ríran. Ẹni tí wọ́n bá gbé àga fún, wọn kò ní sọ fún un pé ohun tó gbé wá kò dára. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí wọ́n gba àga náà lọ́wọ́ mi lọ, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún un.

Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bú. Àwa méjèèjì la jọ lọ. Ilẹ̀ rin, ẹrẹ̀ wà káàkiri. Mo wà lórí àga mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà lórí àpótí ìjókòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàájà, ó ń ha ìpẹ́, ó ti mọ̀ ọ́n ha báyìí. Oníbàárà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, obìnrin kan tó wá láti Ìkòròdú. Àlàájà fà á lọ́wọ́ wá sí igun tí mo jókòó sí. Ó ká àpò.

"Tìẹ nìyí. Láti àárọ̀ ni mo ti fi àpò bò ó. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kàn án. Ìwọ nìkan ni mo fi pamọ́ fún."

Ojú obìnrin náà tàn. Kò ná ọjà náà púpọ̀ tó fi sanwó. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ẹni wọn ni. Kò pẹ́, òmíràn dé. Àpò mìíràn, ẹja mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kan náà. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo fara dà á. Ìgbà tí ọjà wá rọlẹ̀, Àlàájà nara, ó wo ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, má gbàgbé tìẹ lábẹ́ àpò o. Ìwọ nìkan ni mo fi pamọ́ fún."

Èyí ni n kò lè fara dà.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Àga ṣubú sẹ́yìn mi. "Àlàájà, ẹ ti ń purọ́ fún mi!" Àwọn ẹlẹ́ja yíjú sí mi. "Ẹ ní èmi nìkan! Láti ọjọ́ tí mo ti ń bọ̀ níbí lẹ ti ń sọ pé èmi nìkan lẹ ń fi ẹja pamọ́ fún! Ẹja tí mò ń gbé lọ sílé tí mo fi ń yangàn fún ọkọ mi! Ẹ tún wá ń sọ ọ́ fún un, níṣojú mi!" Mo ti ń sunkún. Gbogbo ohun tí ìwé sọ pé olùwádìí kò gbọdọ̀ ṣe níwájú àwọn tó ń wádìí lọ́wọ́ wọn, mo ṣe é lórí ìdúró kan.

Àlàájà gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí," ó ní, "kí ló dé tí o ya òmùgọ̀ báyìí? Ọkọ kan náà la jọ fẹ́ ni? Gbogbo ìwé tí o kà, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé gbogbo oníbàárà ni ẹlẹ́ja fẹ́ràn jù? Ọjà ni mò ń tà! Kí lo fẹ́ kí n sọ fún wọn, pé ẹja yìí, mo ti fi han gbogbo ayé, ìwọ lo ṣẹ́kù? Wo àga ẹni ẹlẹ́ni tí o dà sínú ẹrẹ̀. Gbé e dìde! Òjòwú!"

"Òjòwú kò lẹ́ran láyà!" ni ẹnì kan fi kún un láti ẹ̀yìn, ni ẹ̀rín bá bú. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan ń lu itan ara rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àga náà. Ibẹ̀ ni mo wà, ọwọ́ mi kún fún ẹrẹ̀, ojú mi kún fún omijé, tí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu Àlàájà fi wọ̀ mí lára. Ó ní, "Mo ti fi han gbogbo ayé." Kò sí àpò lórí áàpù. Bí ẹja bá ti dé orí rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló rí i lẹ́ẹ̀kan náà, oníbàárà kọ̀ọ̀kan á sì rí i pé òun kọ́ ni àkọ́kọ́, pé òun kọ́ ni nìkan. Ohun tí yóò sì ṣe ni ohun tí èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán yìí.

"Àlàájà," mo ní, "ṣé torí àpò ni ẹ kò ṣe gbé ẹja sórí áàpù yẹn?"

Ó wá mi orí. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ní ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání. Ta ni màá tún sọ fún pé òun nìkan ni, bí gbogbo wọn bá ti jọ rí i?"

Ni gbogbo wọn bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan sọ pé òun gbé fọ́tò ẹja àrọ̀ kan síbẹ̀ nígbà tí áàpù náà ṣì jẹ́ tuntun, oníbàárà òun tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ òun láti ìgbà ọmọge pe òun lórí fóònù, ó ní, "Ṣé ẹja mi lo ń pòlówó fáyé rí báyìí?" Láti ọjọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ òun mọ́. Ìyẹn ló sọ fún àwọn yòókù. Wọn kò pe ìpàdé lé e lórí, kálukú kàn yọwọ́ ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti dá ọ̀bẹ dúró lórí ẹja. "Àlàájà," ó ní, "ẹ ò sọ èyí fún mi rí."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ? Ìwọ kì í jowú. Ohun tí mo bá bù fún ẹ náà lò ń jẹ." Ó tún wò mí, mo ṣì gbé àga náà lọ́wọ́ bí ẹrù. "Dá a padà fún oníṣọ́ọ̀bù. Kí o wá jókòó sórí àpótí yìí, kí o ha ẹpìyà. Má jẹ́ kí ìpẹ́ ta sí mi lójú o."

Ẹja yẹn gún mi lọ́wọ́ bó ṣe gún ọmọ náà lọ́jọ́sí. Àlàájà ní mò ń ha á bí ẹni ń yọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kà. Ó ní ọkọ mi ń gbìyànjú bó ṣe ń fara dà mí. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, kò fi ẹja kankan pamọ́ fún mi. Ó ní kí n ṣa èyí tó bá wù mí nínú èyí tó ṣẹ́kù. Mo ṣa ẹpìyà méjì tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Nínú mọ́tò, mo rùn débi pé ẹni tó jókòó tì mí ṣí fèrèsé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò kọ orin kankan láti Ẹ̀pẹ́ dé Benson. N kò ní purọ́, inú mi dùn sí ìyẹn ju ẹja lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ohun tí mo kọ, kò sọ púpọ̀. Ó ní kí n máa bá a lọ. Iṣẹ́ mi kò dànù.

Síbẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ ṣe tán. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó di dókítà nígbà tí èmi ṣì ń tún orí kẹta kọ. Mo pè é lórí fóònù, mo kí i kú oríire, mo ṣàdúà fún un. Mo wá lọ sí ilé ìdáná lọ gún ata tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sè é.

Ọjọ́ tó padà wá kí wọn ní Ẹ̀pẹ́, mo wà níbẹ̀, lórí àpótí mi. Ó wọ bàtà tó ní gìgísẹ̀, ó gbé báàgì aláwọ̀. Àlàájà ló kọ́kọ́ rí i.

"Dókítà! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ̀yin lẹ rìn jìnnà báyìí?"

Wọ́n ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Àga funfun yẹn dé. Àlàájà fi etí ìró rẹ̀ nù ún, wọ́n gbé móòtì fún un. Owú tún gbé mi láyà, ṣé ẹ gbọ́? Àga mi ni. Mo mọ ibi tí apá rẹ̀ ti sán. Ìpẹ́ ẹja wà nínú irun mi, ọwọ́ mi wú, èmi sì ń jowú ìjókòó tí mo fi ẹkún lé lọ.

Àlàájà fà á lọ sí igun, ó ká àpò. "Tìyín nìyí. Láti àárọ̀ ni mo ti fi àpò bò ó. Ẹ̀yin nìkan ni mo fi pamọ́ fún."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́. Ó padà wá jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé itan. Àlàájà yíjú sí mi, ó ní ta ni mò ń fi ìpẹ́ sílẹ̀ fún nídìí ìrù yẹn, ṣé ojú ń dùn mí ni? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde tán.

"Àlàájà," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n bá yín ha díẹ̀ níbẹ̀."

"Rárá o, dókítà. Aṣọ yín á dọ̀tí."

Mo gbójú sókè. Ojú rẹ̀ kò sí lára ẹja tí wọ́n fi pamọ́ fún un. Ọwọ́ mi ló ń wò, àti ọ̀bẹ. Mo mọ ojú yẹn dáadáa. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé e wọ abẹ́ àtíbàbà yìí.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù kí n sọ, kí n sún díẹ̀ lórí àpótí, kí n na ọ̀bẹ sí i. Mo tẹ orí ba, mo ń ha ẹja mi lọ.